Ṣóńṣó Dáàtì

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ bá ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́ ni òwe náà ti wá, ó sì yẹ kí àwọn tó ń lo abẹ́rẹ́ máa rántí rẹ̀, pàápàá àwọn tí ìránṣọ kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Dáàtì ni mo ń bá wí, ìṣẹ́po kékeré tí télọ̀ máa ń rán sí ẹ̀gbẹ́ àyà, sí ìbàdí tàbí sí ẹ̀yìn búláòsì kí aṣọ lè tẹ̀ lé ara. Ó kéré lójú. Síbẹ̀, òun ni ojú télọ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ bá lára aṣọ tí ẹlòmíràn rán, ibẹ̀ ni yóò sì ti mọ̀ bóyá ẹni náà fara balẹ̀ tàbí ó sáré.

Ní Ìjẹ̀dẹ́ níbí, létí ọ̀sà, ní agbègbè Ìkòròdú, àwọn tó wù láti mọ aṣọ rán láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi jẹun kò kéré. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, tíṣà wà nínú wọn. Àwọn kan ń wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Badore lọ síbi iṣẹ́ ní ìhà Àjáh, àwọn mìíràn ń gba títì Ìkòròdú lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí wọ́n tó délé, kí wọ́n tó dáná, kí àwọn ọmọ tó sùn, ohun tó ṣẹ́ kù nínú alẹ́ kò tó nǹkan. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àkókò kékeré yẹn tó fún dáàtì. Odidi ẹ̀wù ni kò tó fún, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ra Àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà ní ọjà Sábó lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á pinnu pé àwọn gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí síbi wòlímọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, dáàtì á wá di ohun tí wọ́n fẹ́ tètè rán kọjá kí wọ́n lè kan ọrùn àti apá.

Aṣọ ìbílẹ̀ wa kò mọ dáàtì rárá. Aṣọ òkè ń ti orí òfì bọ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, a ń rán an pọ̀ di ìró, obìnrin á sì ró o mọ́ra. Bùbá gbòòrò, ẹni tó sanra wọ̀ ọ́, ẹni tó tín-ín-rín wọ̀ ọ́. Ọwọ́ tó ń ró aṣọ, tó ń fún un, tó tún ń tú u ró bí oúnjẹ bá ti wọnú, òun ló ń ṣe iṣẹ́ tí dáàtì ń ṣe lónìí. Aṣọ tí a gé mọ́ ara bá òyìnbó dé, ẹ̀rọ ìránṣọ náà sì dé. Isaac Singer gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1851, orúkọ Singer sì wà lára ẹ̀rọ tó ṣì wà ní yàrá ọ̀pọ̀ ìyá àgbà. Nígbà tó di 1960, Shade Thomas-Fahm, tí wọ́n bí ní 1933, ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní London, ó padà sí Èkó, ó ṣí ilé ìtajà aṣọ. Ọ̀kan lára ohun tí a fi mọ̀ ọ́n ni ìró tó fi síìpù sí, tí obìnrin lè wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó máa lọ síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gidigidi. Bí a bá ti gba ríró kúrò lọ́wọ́ ẹni tó wọ aṣọ, télọ̀ ló ku kí ó mọ ibi tí ìbàdí ti wọlé àti ibi tí ìdí ti yọ, kí ó sì rán ìmọ̀ náà sínú aṣọ.

Ẹ wo obìnrin tó ń ta ẹ̀pà. Bébà pẹlẹbẹ ló mú, ó ká etí kan gun orí èkejì, bébà náà sì ní ikùn àti ṣóńṣó. Ohun tí dáàtì ń ṣe sí aṣọ nìyẹn. Bí a bá ṣẹ́ aṣọ po níbì kan, tí a rán an láti ibi tó fẹ̀ títí dé ibi tó ti kú mọ́ etí ìṣẹ́po, aṣọ á yọ ikùn níwájú ṣóńṣó náà, inú ikùn yẹn sì ni ọyàn yóò wà. Ṣóńṣó gbọ́dọ̀ kọjú sí orí ọyàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ débẹ̀. Kí ó ku bí íǹṣì kan. Èyí tó bá lọ títí dé orí ọyàn á ta gọngọ lójú aṣọ, kò sí bí a ṣe lọ̀ ọ́ tó tí yóò fi lọlẹ̀.

Wọ́n ní ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni òwú ń tọ̀. Ọ̀nà tí ṣọ́ọ̀kì bá sì là ni abẹ́rẹ́ ń gbà, ṣọ́ọ̀kì pàápàá ọ̀rọ̀ ẹnu téèpù ló ń gbọ́. Nítorí náà, alẹ́ tí a bá kọ́kọ́ rí, kí a má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Téèpù ni kí a mú. Kí a wọn èjìká dé orí ọyàn, kí a wọn orí ọyàn kan sí èkejì, kí a wọn èjìká dé ìbàdí, lẹ́yìn náà kí a wọn àyà àti ìbàdí yíká. Kí ẹni tí a ń wọ̀n dúró ṣánṣán, kí ó wọ irú kọ́sẹ́ẹ̀tì tí yóò wọ sábẹ́ aṣọ náà gan-an, nítorí ipò orí ọyàn ń yí padà bí kọ́sẹ́ẹ̀tì bá yí padà. Bí ó bá jẹ́ ara ẹni la ń ránṣọ fún, kí a bẹ ẹlòmíràn nínú ilé kí ó bá wa di téèpù mú. Bí a bá gbé apá sókè láti wọn ara wa, àyà ń bá apá gòkè, iye tí a kọ sílẹ̀ á sì di irọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní orí ọyàn sí orí ọyàn jẹ́ íǹṣì 8. Nígbà tí a bá ṣẹ́ aṣọ iwájú po sí méjì, íǹṣì 4 la ó wọ̀n láti ibi ìṣẹ́po, ibẹ̀ ni ìlà àárín dáàtì ìbàdí yóò gbà. Ká tún ní àyà jẹ́ 38, ìbàdí sì jẹ́ 32. Íǹṣì 6 ló wà láàárín wọn. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, íǹṣì kan àtààbọ̀ ni a ní láti mú kúrò ní ìdá kọ̀ọ̀kan. Dáàtì á gba íǹṣì kan, ẹ̀gbẹ́ aṣọ á gba ààbọ̀. Íǹṣì kan ti dáàtì yẹn, ìlà àárín ló pín in, ààbọ̀ lápá ọ̀tún, ààbọ̀ lápá òsì. Ẹni tó bá lo gbogbo alẹ́ kan lórí ìṣirò yìí lórí bébà, tó sì sùn láì rán nǹkan kan, ó ti ṣiṣẹ́ gidi.

Ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ní ohun tí ẹni tó ń kọ́ nílé kò ní, ọdún gbọọrọ tó fi ń wo ọwọ́ ọ̀gá. Ó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, ó ń fi ọwọ́ ká etí aṣọ, ó ń kan bọ́tìnnì, ojú rẹ̀ sì wà lára gbogbo aṣọ tó ń gba orí tábìlì kọjá. Kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà, ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń fún un ní bébà tí wọ́n fa ìlà sí, kí ó máa fi abẹ́rẹ́ tí kò ní òwú tẹ̀ lé ìlà náà. Èyí ni ẹni tó ń kọ́ nílé lè yá lò. Kò ná wa ní nǹkan kan. Kí a ya bébà àpò símẹ́ǹtì, kí a gbọn eruku rẹ̀ dànù, kí a ya dáàtì sí i lára, kí a ṣẹ́ ẹ po, kí a máa fi ẹ̀rọ gún un láti ibi tó fẹ̀ lọ sí ṣóńṣó. Kí a ya abẹ́rẹ́ kan sọ́tọ̀ fún bébà, nítorí bébà ń mú kí ẹnu abẹ́rẹ́ kú, abẹ́rẹ́ tó ti kú sì ń fa òwú aṣọ já.

Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tàbí ẹlẹ́sẹ̀ ni mo máa ń gba àwọn tó ń kọ́ nílé nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹ́gbìn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320, kò jìnnà sí wa rárá, ṣùgbọ́n inú wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná rẹ̀ ń wọ̀, kì í ti ibẹ̀ yà sílé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ alẹ́ kò ṣeé gbé lé iná lórí. Yàtọ̀ sí èyí, ọwọ́ tó ń yí ẹ̀rọ lè dúró níbi tó bá wù ú, ibi tí dídúró sì ti ṣe pàtàkì jù nínú dáàtì ni ṣóńṣó.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ṣóńṣó dáàtì ni òwe yìí bá mu jù lọ. Láti ibi tó fẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a lè rán síwá sẹ́yìn níbẹ̀ kí òwú lè dì. Bí ó bá ti ku bí ààbọ̀ íǹṣì, kí a dín ìyára kù, kí abẹ́rẹ́ máa gún etí ìṣẹ́po gan-an, fọ́nrán òwú kan tàbí méjì péré sí etí, títí tí yóò fi rìn kúrò lórí aṣọ fúnra rẹ̀. Kí a má rán padà sẹ́yìn níbẹ̀ láéláé. Rírán padà sẹ́yìn ní ṣóńṣó ló ń fa kókó tí a ń rí lórí àyà ọ̀pọ̀ aṣọ. Kí a fi òwú sílẹ̀ gùn díẹ̀, kí a fi ọwọ́ ta á ní kókó rọra, kí a tó gé e.

Lẹ́yìn náà ni áyọ́ọ̀nù. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ wá ní àkókò yìí, ilẹ̀ ti ṣú, ó sì ń ṣe wá bí ẹni pé kí a fi í sílẹ̀ di ìgbà tí aṣọ bá parí. Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti kan ẹ̀gbẹ́ aṣọ tán, áyọ́ọ̀nù kò lè dé inú dáàtì dáadáa mọ́. Kí a kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ bí a ṣe rán an, ní pẹlẹbẹ, láìkọjá ṣóńṣó. Kí a wá ká táwẹ́ẹ̀lì líle, kí a gbé ikùn aṣọ lé e lórí, kí a tẹ dáàtì sí apá kan. Ti ẹ̀gbẹ́ àyà ń kọjú sílẹ̀, ti ìbàdí ń kọjú sí àárín ara. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ lórí tábìlì pẹlẹbẹ ń pa ikùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òwú ṣe.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Dáàtì kan lórí àjákù aṣọ ní alẹ́ kan tó. Ní alẹ́ kejì, kí a rán ìkejì rẹ̀, nítorí dáàtì kì í sábà dá wà lára aṣọ. Ti ọ̀tún ní ti òsì, àìdọ́gba wọn ni ojú sì tètè ń rí. Kí a gbé ọ̀kan lé orí èkejì, kí a gbé wọn síwájú iná, bí ṣóńṣó méjèèjì bá bọ́ síbì kan náà, kí a tó ronú kan Àǹkárá.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kò sí àdúgbò kan ní Ìjẹ̀dẹ́ tí a kò ti lè rí télọ̀ àgbà, kò sì di ìgbà tí a bá di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó kí i. Kí a mú àjákù náà dání, kí a kúnlẹ̀ tàbí kí a dọ̀bálẹ̀ kí i bó ṣe yẹ. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ṣóńṣó dáàtì yìí." Ó ṣeé ṣe kí ó má sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ, "O sáré níbí," kí ó fi èékánná tọ́ka sí i. Ọ̀rọ̀ kan yẹn á gbà wá lọ́wọ́ alẹ́ púpọ̀ tí à bá fi tú aṣọ. Ṣùgbọ́n kí a mọ ìgbà tí a ó lọ. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá ti kù díẹ̀, tí aṣọ ẹbí kún orí tábìlì rẹ̀ dé àjà, kí a ní sùúrù.

Dáàtì olórí méjì ni ó kàn, èyí tó ń gba àyà kọjá ìbàdí lọ sí ìdí. Àárín rẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó rán an lọ sí ṣóńṣó òkè, a ó padà sí àárín, a ó rán an lọ sí ti ìsàlẹ̀, kí rírán méjèèjì gun ara wọn díẹ̀ ní ìbàdí. Kí a fi sísọ́ọ̀sì la ẹnu ìṣẹ́po rẹ̀ ní ìbàdí, kí ó má fa aṣọ, kí sísọ́ọ̀sì má sì kan òwú. Léèsì ṣì lè dúró ná. Ó nílò láínì, dáàtì léèsì àti ti láínì sì gbọ́dọ̀ bára mu, iṣẹ́ alẹ́ mìíràn nìyẹn.