Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Obìnrin tó ń lọ sóde ìyàwó kì í dé ibẹ̀ kó tó máa wá gèlè. Inú ilé ló ti ń ṣí àpótí, ibẹ̀ ló ti ń yan ìlẹ̀kẹ̀, tó ń bi ọmọ ìyá rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé èyí bá mi mu?" Ìgbà tó bá yọ lóde làwọn èèyàn ń kan sáárá sí i. Àwọn àgbà wò ó títí, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìwà la sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìwé náà wà nínú rẹ̀, pàápàá fún àwa tí ọmọ wa ń lọ síléèwé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé Òyìnbó ló ni ìwé, kí wọ́n máa bá wa kọ́ ọmọ lọ. Ìtàn kò jẹ́ ká fọkàn balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1971, Bernard Coard, olùkọ́ kan tó wá láti Grenada, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tó tú àṣírí. Ó fi hàn pé àwọn ọmọ tó wá láti Karíbíánì ti pọ̀ jù níléèwé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò gbé ẹ̀kọ́. Ọpọlọ ọmọ pé. Ìdánwò tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n ni kò mọ èdè àti àṣà ilé wọn.

Kí ìwé náà tó jáde ni John La Rose, ọmọ Trinidad, ti ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn jọ sílé ara rẹ̀ ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù ní 1969, tó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Bí iléèwé àfikún tí wọ́n ń pè ní George Padmore ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. La Rose kì í ṣe Yorùbá, àmọ́ ohun tó ṣe gan-an lòwe wa ń wí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà nínú òwe náà: "la". Àwa ni. Òwe kò sọ pé ìyá nìkan, kò sọ pé ẹni tó kàwé jù. Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ òru, àǹtí tó wà níyàrá kejì, aládùúgbò tó mọ ìṣirò, gbogbo wọn ni ilé.

Mo mọ ìyá kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru. Láàárọ̀ Sátidé kan, ó da ẹ̀wà sórí tábìlì, ó ń ṣà á. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí olùkọ́ ti kọ̀wé pé ó ń fà sẹ́yìn nínú ìṣirò, jókòó tì í. Ìyá ní kó to hóró mẹ́jọ-mẹ́jọ ní òkìtì méje. Ọmọ kà á, ó jẹ́ 56.

"Pè é lédè wa."

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta."

Ìyá fi hóró mẹ́rin kún un, ó ní kó pín gbogbo rẹ̀ sí ogún-ogún. Ó pé òkìtì mẹ́ta: ọgọ́ta. Ó ní kó wá yọ mẹ́rin yẹn padà. Ọmọ náà fò sókè: "Mọ́mì, ó wà nínú orúkọ rẹ̀!"

Èdè tí ẹlòmíràn lè pè ní ìdíwọ́ fún ọmọ yẹn ló di ẹ̀ṣọ́ sí i lọ́rùn.

Òwe yìí kò dá ìjọba láre o. Ọ̀ranyàn ni kí òbí dé iléèwé, kó béèrè ibi tí wọ́n fi ọmọ òun sí àti ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè dúró di ìgbà tí òde bá tún ara rẹ̀ ṣe, torí ọdún kan nínú ìgbà èwe kì í padà wá. Ẹ jẹ́ ká ṣí àpótí nísinsìnyí, kí ọmọ wa tó jáde.