Gbèsè Tí A Jẹ Ibi Tí Kò Sí Mọ́

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ pípẹ́: nígbà tí a bá wó ibi àtijọ́ kan, tí a sì kọ́ tuntun sí ipò rẹ̀, ǹjẹ́ a tún jẹ ibi àtijọ́ náà ní gbèsè kan bí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé rárá, nítorí pé amọ̀ kò ní etí, igi kò sì ní ẹnu tí yóò fi béèrè gbèsè. Èmi pẹ̀lú ti rò bẹ́ẹ̀ rí.

Ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ìlú tí òkè yí ká, ni baba ńlá wa kọ́ agbo ilé rẹ̀ sí. Mo rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tí ó tutù ní ọ̀sán gangan, àti àwọn ìkòkò ńlá tí a tò yí àgbàlá ká láti fi gba omi òjò. Òpó kan tí a gbẹ́ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà: obìnrin tí ó kúnlẹ̀, tí ó sì pọn ọmọ. Ní ọdún 2009, èmi gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí baba mi ni mo fi ọwọ́ sí i pé kí a wó ilé náà. A fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun, a sì ta òpó náà fún oníṣòwò kan. Owó rẹ̀ ra ogún àpò sìmẹ́ńtì, inú wa sì dùn.

Èmi kò ní wí pé ìwà òmùgọ̀ lásán ni. Ẹni tí kò gbé ilé amọ̀ rí ni ó ń yìn ín jù. Èéfín ń ta wá lójú. Ọdọọdún ni àwọn ìyá wa ń rẹ́ ògiri. Bí òjò bá sì le, a kì í lè sùn, kí ògiri má ba à wó lù wá. Àní àwọn òkè tí àlejò ń yìn fún ẹwà wọn, ibi ìsádi ni wọ́n jẹ́ fún àwọn baba wa ní ìgbà ogun. Ní 1878, ní Òkè-Ìmẹ̀sí tí ó wà nítòsí wa, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn nítorí ìyà tí ó ń fi jẹ àwọn ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni ogun Kírìjì ti gbóná, kò sì rọlẹ̀ títí di ìgbà tí a fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Ẹni tí ó bá ń wí pé ayé àtijọ́ dùn, kí ó kọ́kọ́ rántí ìwọ̀nyí.

Pàṣípààrọ̀ pàápàá kì í ṣe ohun tuntun láàrin wa. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí ayé mọ̀ sí ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, Ẹ̀fọ̀n wa ni a bí i sí. Ìlẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ni a gbé lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924. Àwọn Òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀, Ògògà sì gba àga ọba kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. British Museum ni ìlẹ̀kùn náà wà títí di òní. Ṣùgbọ́n orúkọ Ọlọ́wẹ̀ kò sọnù, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ ọ́, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ni ó gbẹ́ òpó tiwa? Bóyá Agbọ́nbíọ̀fẹ́, tí ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Alààyè, ni. Bóyá ẹlòmíràn ni. Èmi kò béèrè kí n tó tà á.

Ní Ọdún Àjíǹde tí ó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin béèrè ibi tí a bí baba mi sí. Mo na ìka sí orí sìmẹ́ńtì. Ó wò ó, ó wò mí, kò sì sọ nǹkan. Ìtìjú mú mi. Mo tọ ẹ̀gbọ́n baba mi obìnrin lọ, ẹni tí ó ti ju ọgọ́rin ọdún lọ, mo ní, “Yèyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ilé àtijọ́ hàn wá.” Ó fi ọ̀pá rẹ̀ fa ìlà sí inú eruku: ibí ni ààrò, ibí ni yàrá ìyá àgbà, ibí ni òpó. Mo wí fún un pé ó dùn mí pé a ta òpó náà.

“Òpó ni ìwọ ń sunkún,” ni ó wí. “Ìyá mi sọ fún mi pé ìdí rẹ̀ ni ìwọ̀fà baba ńlá wa máa ń sùn, ọmọdékùnrin kan tí a fi dúró fún gbèsè baba rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a fi ẹ̀yìn tì í, a máa sunkún.”

“Yèyé, èé ṣe tí ẹ kò fi sọ fún wa rí?”

“Ta ni ó béèrè lọ́wọ́ mi?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè mi. Kì í ṣe amọ̀ ni a jẹ ní gbèsè, bí kò ṣe àwọn tí ó gbé inú rẹ̀ àti àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí òpó náà bá dúró títí di òní, èmi ìbá máa fi hàn àlejò tìdùnnú-tìdùnnú, èmi kì bá sì mọ̀ nípa ọmọ tí ó sunkún ní ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó tọ́jú ògiri tí kò tọ́jú ìtàn, èèpo ni ó tọ́jú. Ẹni tí ó sì ń ròyìn adùn nìkan, ó ń rẹ́ àwọn tí a ti rẹ́ jẹ tẹ́lẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìjerò, Arámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n àti gbogbo agbègbè wa, bí ilé àtijọ́ bá di èyí tí a kò lè ṣàìwó, ẹ wó o. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì, ẹ pe àgbà, ẹ pe ọmọdé, kí ẹ jọ rìn yí i ká. Ẹ béèrè ẹni tí ó kọ́ ọ, ẹni tí ó yọ̀ níbẹ̀, àti ẹni tí ó jìyà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ti kọ tèmi. Ojú ìwé kan péré ni. Orúkọ ọmọdékùnrin náà kò sí níbẹ̀, nítorí pé Yèyé kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n ti lọ kí n tó béèrè.