Yàgò Lọ́nà: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Yà fún Ta?

Bí a bá ti Lomé jáde lọ sí ìhà Kpalimé, tí a kọjá Adidogomé, a ó dé Sanguéra. Ọ̀nà tí a ń tọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní Route Nationale 5, ọ̀nà ńlá tí ó so etíkun pọ̀ mọ́ agbègbè òkè tí kọfí àti kòkó ti ń wá. Nígbà kan rí, oko ni ó yí Sanguéra ká; lónìí, ìlú Lomé ti nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé àwọn tí ń gbé ní Grand Lomé ti lé ní mílíọ̀nù méjì, ọ̀pọ̀ àwọn tí kò sì rí ilẹ̀ rà láàárín ìlú ni wọ́n ń kọ́lé sí irú ibẹ̀. Ilé wà ní ọ̀tún ọ̀nà, ilé wà ní òsì. Ilé-ìwé, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kì í sì í fi ìgbà gbogbo wà ní apá kan náà pẹ̀lú ilé ẹni tí ó ń lò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a dúró létí títì náà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jáde. Tírélà ń sáré bọ̀, takisí ń tẹ̀ lé e, àwọn ọlọ́kadà tí a ń pè ní zémidjan níhìn-ín ń já gba àárín wọn kọjá. Ìyá kan gbé igbá ẹ̀kọ rù, ó pọn ọmọ, ó sì fa ọmọ mìíràn lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún fà á padà. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń ti kẹ̀kẹ́ ológeere dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ fọn fèrè. Kò sí èyí tí ó dúró.

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn gbogbo wa nígbà tí a bá rí irú nǹkan báyìí ni pé kí a ṣe afárá: kí a la ojú ọ̀nà kan fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, kí ó gba orí títì kọjá, kí olúkúlùkù máa bá tirẹ̀ lọ. Èrò rere ni. A kò kọ àròkọ yìí láti tako afárá. Ṣùgbọ́n kí a tó gbẹ́ ihò òpó àkọ́kọ́, ìbéèrè kan wà tí ìmọ̀ àwọn ẹnjiníà nìkan kò lè dáhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí alágbára àti aláìlágbára bá pàdé ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, ta ni ó yẹ kí ó ru ìnira ìpàdé náà?

Àwọn baba wa ti ronú sí i tipẹ́, ìdáhùn wọn sì wà lẹ́nu wa títí di òní. Nínú ọjà, bí alábàárù bá ké pé, “Àgò o! Àgò o!”, kíákíá ni a ń yà fún un, ìbáà ṣe olówó ni wá, ìbáà ṣe ìjòyè. Kì í ṣe pé alábàárù lágbára jù wá lọ ni a fi ń yà. Ẹrù ń bẹ lórí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń wọ̀ ọ́, kò sì rọrùn fún un láti yíjú tàbí láti dúró. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni ó yẹ kí ó yàgò fún ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń sọ ní ẹnu ọ̀nà onílé: “Àgò onílé o!” Àwọn ará Ewe tí a jọ ń gbé ní Lomé náà ń ké “Agoo!” kí wọ́n tó wọ ilé ẹlòmíràn. Ní ọ̀dọ̀ àwa méjèèjì, ẹ̀bẹ̀ ni àgò. Ẹni tí ó ké e ń tọrọ àyè, ó sì ń dúró de ìdáhùn.

Lónìí, fèrè ọkọ̀ ni ó ti gba ipò àgò. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ẹni tí ó ń fọn fèrè kò ru ẹrù. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń bá a rù ú. Ẹni tí ó ru ẹrù ní tòótọ́, ìyá ẹlẹ́kọ yẹn, ni wọ́n ń fọn ọ́n sí. Fèrè kò sì tọrọ àyè mọ́. Àṣẹ ni ó ń pa. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe ìpàdé lé e lórí, a ti gbà láàárín ara wa pé ẹni tí ó lè pa ènìyàn ni ó ni ọ̀nà, àti pé ẹni tí wọ́n lè pa ni ó yẹ kí ó sá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìtọ́jú aláìlágbára já lé léjìká. A ti dorí òwe yìí kodò lójú títì.

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí, ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí afárá ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò lò ó. Afárá tí tírélà yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ ga tó mítà 5 ó kéré tán. Bí a bá ka nínípọn afárá fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, nǹkan bí mítà 6 ni ẹlẹ́sẹ̀ yóò gùn. Bí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 17, yóò gun nǹkan bí àtẹ̀gùn 35, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ lórí iye kan náà. Oníkẹ̀kẹ́ àti ẹni tí ó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gun àtẹ̀gùn. Ojú ọ̀nà tí ó rọra ń dagun ni wọ́n nílò. Bí ọ̀nà náà bá ń ga ní mítà 1 nínú mítà 12, yóò gùn tó mítà 72 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fẹ́ kí ó tẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí oníkẹ̀kẹ́, ní mítà 1 nínú mítà 20, yóò di mítà 120. Nítorí náà, títì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 20 lọ yóò di ìrìn mítà 164 tàbí 260. Awakọ̀ ńkọ́? Kò fi ohunkóhun kún ìrìn tirẹ̀. A ń sọ pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ni a ṣe afárá fún, ṣùgbọ́n ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò yí padà rárá ni ó jèrè jù.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀mí ju ìnira lọ. Òótọ́ ni, ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023 sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú ọ̀nà ń pa lọ́dọọdún, àti pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn tí ń gun alùpùpù lé ní ìdajì wọn. Ohun tí ó ń pa wọ́n ni eré. Agbára tí ọkọ̀ fi ń gbá ènìyàn kì í fi ìlọ́po méjì pọ̀ nígbà tí eré bá di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọkọ̀ tí ó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan yóò ti rin ju mítà 16 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó dé orí bíréèkì. Ìdí nìyí tí àpérò àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Stockholm ní oṣù kejì ọdún 2020 fi gbani nímọ̀ràn pé kí eré má ju 30 kìlómítà lọ níbi tí ọkọ̀ àti ènìyàn bá ti ń pàdé déédéé. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀mí là, eré ọkọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà ni kí ó wo afárá.

Àwọn aládùúgbò wa ti fi ẹ̀jẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ó yẹ kí a kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Accra, wọ́n fẹ ọ̀nà tí ó ti Madina lọ sí Adenta, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí sá eré lórí rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ afárá mẹ́fà fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ láìparí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ọkọ̀ pa ọmọ ilé-ìwé girama kan níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò jáde, wọ́n dí ọ̀nà, wọ́n sun táyà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn afárá náà. Ọ̀nà àwọn ọlọ́kọ̀ ti parí tipẹ́. Ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ dúró de ikú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí wọ́n bá ń ṣe ọ̀nà fún ọkọ̀ ní Sanguéra tàbí níbikíbi, ọjọ́ kan náà ni ó yẹ kí ti ẹlẹ́sẹ̀ parí.

Èkó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní Ojota, ní Òṣòdì, ní Berger, afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà. Síbẹ̀ àwọn kan ń sáré gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ti mú ọ̀pọ̀ nínú wọn. A kò sọ pé kí òfin má ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó pe ènìyàn ní aláìgbọràn, ó yẹ kí a béèrè bí afárá náà bá sún mọ́ ibi tí ó ń lọ, bí iná bá ń tàn lórí rẹ̀ lálẹ́, bí obìnrin kan bá lè gbà á kọjá láìbẹ̀rù, bí ẹni tí orúnkún ń dùn bá lè gùn ún. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó gbà á sí abẹ́ kò kọ afárá. Afárá ni ó ti kọ̀ ọ́ ṣáájú.

Afárá tí kò kọ ènìyàn ṣeé ṣe. Ní Copenhagen, ní orílẹ̀-èdè Denmark, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ wọn gun àtẹ̀gùn ní etí omi kan. Àwọn tí ó ń gbèrò ìlú rí ìnira yìí, wọ́n sì ṣe afárá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n pè ní Cykelslangen, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2014. Ó rọra ń dagun, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì ń yí lórí rẹ̀ láìdúró. Ìlú wọn lówó jù tiwa lọ, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wo bí ènìyàn ti ń rìn kí a tó ṣe ọ̀nà fún un, èyí kò béèrè owó.

Ó yẹ kí a gbọ́ ti ẹnì kejì náà. Awakọ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ tálákà bí àwa. Ẹrù tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Kpalimé ni a ń jẹ. Tírélà tí ó wúwo kò lè dúró lójijì, ọkọ̀ tí ó gbé aláìsàn kò sì ní àkókò láti fi ṣòfò. Ibi kan wà tí ọ̀nà ti gbòòrò, tí ọkọ̀ sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí afárá nìkan ni ọgbọ́n tí ó kù. A gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó la igbó kọjá àti ọ̀nà tí ó la ìlú kọjá kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ọ̀nà bá ti wọ ibi tí ọmọdé ti ń rìn lọ sílé-ìwé, àlejò ni ó jẹ́ níbẹ̀. Àlejò a sì máa ké àgò.

Ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ní ojúṣe tirẹ̀. Bí afárá tí ó dára bá wà, tí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le bá ṣì sáré gba abẹ́ rẹ̀ lójú ọmọdé, ó ti kọ́ ọmọ náà ní bí wọ́n ti ń kú. Ó sì lè sọ awakọ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni di apànìyàn, tí yóò máa rí òjìji rẹ̀ lójú oorun títí ayé. Ẹni tí ó bá béèrè pé kí wọ́n yà fún òun gbọ́dọ̀ lè yà fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, bí ọjọ́ bá dé tí wọ́n yóò gbèrò afárá ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ní Sanguéra, ohun mẹ́ta ni a ó béèrè. Èkíní, ṣé wọ́n ti dín eré ọkọ̀ kù níbẹ̀, kí wọ́n tó ní kí ẹlẹ́sẹ̀ gun òkè? Èkejì, ṣé wọ́n ti bi ìyá ẹlẹ́kọ, ọmọ ilé-ìwé, arọ àti bàbá oníkẹ̀kẹ́ léèrè ibi tí wọ́n ti ń kọjá? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ó ń rin ọ̀nà lójoojúmọ́ mọ ohun tí àwòrán orí tábìlì kò mọ̀. Ẹ̀kẹta, bí kò bá sí ọlọ́pàá níbẹ̀, tí kò sì sí ọgbà onírin tí ó dí títì, ṣé aláìlera jùlọ nínú wa yóò fi tinútinú yan afárá náà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ni a ṣe é fún. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ògiri ni a mọ, orúkọ afárá ni a kàn fún un.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, nínú yín ni àwọn ẹnjiníà, àwọn olórí komúùnù àti àwọn awakọ̀ ọ̀la yóò ti jáde. Ẹ kò nílò láti dúró di ìgbà náà. Ní ọjọ́ tí ẹ bá wà lórí alùpùpù tàbí nínú ọkọ̀, tí ẹ sì rí ìyá kan tí ó gbé ẹsẹ̀, tí ó fà á padà, ẹ má fọn fèrè. Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ jẹ́ kí ó kọjá. Òun ni ó ru ẹrù.