Ta Ló Ń Sọ Pé Iṣẹ́ Ti Tán?

Nígbà kan, àwa tá à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pa ètò àtijọ́ kan rẹ́. Àṣé òun ló ń ṣírò owó oṣù! A sì ti ní kí bàbá tó kọ ọ́ máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú wa rántí LST-325, ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà. Philadelphia ni wọ́n ti kàn án ní 1942, láti máa gbé sójà àti ọkọ̀ wọn dé orí iyanrìn etí òkun. Iwájú rẹ̀ a ṣí bí ilẹ̀kùn. Ó dé Sicily, ó dé Normandy. Tó bá já ẹrù ogun tán, á kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ bọ̀. Ní 1964, wọ́n gbé e fún Gíríìsì, tó lò ó títí di 1999.

Ó parí nìyẹn, àbí? Rárá o. Àwọn ológun ojú omi àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní 70 ọdún, tún un ṣe, wọ́n sì wà á la Àtìláńtíìkì kọjá dé Mobile, Alabama, ní oṣù kìíní 2001.

Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ló yẹ ká tọ́jú. Ṣùgbọ́n ká tó dà á nù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n lò. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.