Ta Ló Ni Ojú Ọmọ?

Lọ́dọọdún, bí ìgbà ooru bá ti ń parí lọ níbí ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí Yorùbá tí ọmọ wọn ti dé kíláàsì kejìlá: "Ẹ bá wa ya ọmọ yìí ní fọ́tò, àmọ́ kò fẹ́ràn kámẹ́rà o." Senior portrait ni wọ́n ń pè é. Kí ọmọ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ ìgbà ní ìta gbangba, lábẹ́ igi tàbí létí omi. Ọ̀kan á wọ inú yearbook, àwọn yòókù á lọ sára ògiri pálọ̀, sórí káàdì ìkésíni, àti sórí WhatsApp ẹbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bí kámẹ́rà bá ti yọjú báyìí, wọ́n á fa fìlà ẹ̀wù borí, wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọgbọ́n tí a lè fi mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ló ń jẹ mí lọ́kàn: ta ló ni ojú ọmọ? Bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún bá ní òun ò fẹ́ ya fọ́tò, ṣé òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé dandan ni?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn òbí, nítorí ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìyá kan tí mo bá ya fọ́tò ọmọ rẹ̀ ní Maryland ní oṣù kẹwàá tó kọjá sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, màmá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n wà. Ìgbà tí wọ́n rí ọmọ yìí gbẹ̀yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ṣé fọ́tò kan ṣoṣo ti wá pọ̀ jù láti fún wọn ni?" Ọmọ náà fi èdè òyìnbó dáhùn pé ojú òun ni, òun lòun ni ín.

Nínú èdè wa, ìyá yìí ló jọ pé ó jàre. Babatunde Lawal, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde nínú The Art Bulletin lọ́dún 2001 pé wíwò àti ìrántí jọ wà nínú ọ̀rọ̀ náà "àwòrán": ohun tí à ń wò láti fi rántí. Ta ló fẹ́ rántí? Kì í ṣe ẹni tí wọ́n yà. Ẹni tó jìnnà sí i ni. Àwọn àgbà sì ní, ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Ojú náà bẹ́ẹ̀ ni: láìsí dígí, mi ò lè rí tèmi. Ọwọ́ baba àti ìyá mi ni mo ti gbà á, àwọn tó fẹ́ràn mi ló sì ń rí i jù mí lọ. Nítorí náà, "ojú mi ni" nìkan kò tó láti parí ẹjọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá náà nìyí. Wíwò yàtọ̀ sí yíyà, yíyà sì yàtọ̀ sí fífi hàn. Ẹni tó bá pàdé mi lọ́nà á wò mí. Bí a bá ti kọjá ara wa, ó parí. Fọ́tò kì í parí. Láyé àtijọ́ nílé, inú pálọ̀ tàbí inú álúbọ́ọ̀mù ni fọ́tò ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ wá kí wa, kó jókòó, kó mu omi. Lónìí, kí ìyá tó sọ pé "ẹ wo ọmọ mi" tán, ọgọ́rùn-ún méjì èèyàn tí ọmọ ò mọ̀ rí ti rí i nínú gúrúùpù, àwọn kan ti fi ṣọwọ́ síbòmíràn. Ẹ̀tọ́ tí màmá àgbà ní láti rí ọmọ-ọmọ wọn kò di ẹ̀tọ́ gbogbo ayé.

Ó sì yẹ ká mọ ohun tí ọmọ ń kọ̀ gan-an. Fọ́tò kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ̀. Eré tí à ń ní kí wọ́n ṣe níwájú kámẹ́rà ni. Rẹ́rìn-ín! Fara ti igi! Káwọ́ mọ́yà! Ta ló sọ fún àwọn bàbá wa pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín? Ní ọdún 1978, Stephen Sprague kọ àpilẹ̀kọ kan nínú African Arts lórí bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ìjókòó tó ṣàpèjúwe níbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lára ògiri ilé wa: àgbàlagbà jókòó dáadáa, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ojú tààrà sí kámẹ́rà, kò sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìtìjú. Iyì là ń pè é.

Ní Maryland yìí náà ni wọ́n ti bí Frederick Douglass, ẹni tó sá kúrò lóko ẹrú, tó sì di ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ya ní fọ́tò jù ní Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Fọ́tò rẹ̀ tó lé ní 150 ló wà, agbára káká la fi lè rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Àwọn aláwọ̀ funfun ìgbà náà máa ń ya èèyàn dúdú bí òmùgọ̀ tí ń ṣí eyín kiri; ojú tirẹ̀ ló fi fún wọn lésì.

Ọmọkùnrin dúdú tó ga ní Amẹ́ríkà tún ní ìdí mìíràn. Nígbà tí à ń rìn yí Lake Artemesia ká, ní nǹkan bíi wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ náà sọ fún mi pé, "Uncle, gbogbo ibi tí mo bá wọ̀ ni wọ́n ti ń wò mí." Ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ. Ó ní wọ́n máa ń tẹ̀ lé òun káàkiri bí ẹni tó fẹ́ jalè. Èyí tí ìyá rẹ̀ ń pè ní ìtìjú, wíwò ló ti sú ọmọ.

Kámẹ́rà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí káàdì tí Kodak fi ń ṣètò àwọ̀ fọ́tò. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Awọ ara funfun ni òṣùwọ̀n, àwa mìíràn á wá jáde bí eyín àti ẹyinjú nínú òkùnkùn. Kámẹ́rà òde òní sàn ju ìyẹn lọ, àmọ́ bí ojú ọ̀run bá mọ́lẹ̀ jù lẹ́yìn ọmọ, tí ayàwòrán ò sì wọn ìmọ́lẹ̀ lára ojú ọmọ gan-an, ojú yẹn á ṣókùnkùn. Ọmọ yìí fi fọ́tò kíláàsì rẹ̀ kan hàn mí lórí fóònù: kò sójú níbẹ̀. Ó ti rò pé bí òun ṣe rí nìyẹn. Nítorí náà, ibòji igi àti oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó rọ̀ la lò. Mo fi lẹ́ǹsì 135mm yà á kí n lè dúró jìnnà sí i. Mo ní kí ìyá rẹ̀ dúró níbi tí a páàkì mọ́tò sí. Mi ò ní kó rẹ́rìn-ín.

Àdéhùn wa ni pé òun ni yóò yan èyí tó máa kù. Nígbà tí a padà síbi mọ́tò, tó ń yẹ̀ wọ́n wò, ìyá rẹ̀ yọjú wo ọ̀kan, ó ké: "Yéè! Bàbá mi rèé!" Bàbá rẹ̀ ti kú lọ́dún tó ṣáájú, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, kò lè lọ sìnkú. Ó bẹ ọmọ, ó fi oríkì pè é. Ọmọ ní rárá, òun ò fẹ́ èyí. Mo pa á rẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó gbọ́ ní ìkà ni mo ṣe. Ẹ̀yin òǹkàwé náà lè sọ bẹ́ẹ̀.

Èsì mi rèé. Wọ́n ní ṣebí a máa ń fipá mú ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, a sì máa ń ní dandan ni kó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tí a fipá kọ́ ọmọ níbẹ̀ ń di ara rẹ̀, ó ń wúlò fún un lọ́la. Fọ́tò àfipáyà kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ojú ẹni tí wọ́n fipá mú ló ń pa mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, kí ni fọ́tò yìí wà fún? Ó ń sọ pé ọmọ yìí ti ń di àgbà. A ò lè máa fi ọwọ́ kan sọ fún ayé pé ọmọ ti dàgbà, ká fi ọwọ́ kejì sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tíì tó gbọ́.

Mo gbà pé ó jẹ gbèsè. Ó yẹ kí màmá àgbà rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n onígbèsè ló ń ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá kì í bọ̀ ọ́ fún un, orúkọ mìíràn là ń pe ìyẹn. Ọmọ náà sì san án. Ọ̀kan tó mú, orí bẹ́ǹṣì létí omi ló jókòó sí, ọwọ́ lórí orúnkún, ó ń wò wá tààrà, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ká fi ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sórí Facebook.

Ohun tí ìyá rẹ̀ pàdánù kò kéré, mi ò sì ní sọ pé fọ́tò kan rọ́pò ìkejì. Jíjọ bàbá àgbà ẹni, ìbùkún ni. Àmọ́ ọ̀fọ̀ ìyá ni ọ̀fọ̀ yẹn. Ojú ọmọ kọ́ ni ibi tó yẹ kó ti sin òkú tí kò ráyè sin.

Ẹ̀yin òbí tí ọdún yìí kàn, ẹ bi ọmọ ní nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó pe ayàwòrán: ta ni yóò rí i, báwo ló ṣe fẹ́ jókòó tàbí dúró, èwo ni kí a pa rẹ́. Bó bá ní òun ò fẹ́ rárá, ẹ fi í sílẹ̀. Ibi tó ṣófo lára ògiri á dùn yín. Ẹ jẹ́ kó dùn yín, ẹ má gbé ìrora náà lé ọmọ lórí. Ó ṣì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan.