Ó Ha Tọ́ Kí A Ṣẹ́ Kèké Lórí Aláìsàn Bí?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùkọ́ àti àwọn ará ìjọ tí ó mọ̀wé a máa bi wá, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ oògùn titun tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá délẹ̀. Ó sì yẹ kí a fi ọkàn tútù yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbọ́ pé nígbà tí àwọn oníṣègùn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwòsàn kan dára, wọn a kó àwọn aláìsàn jọ, wọn a pín wọn sí ọ̀nà méjì, wọn a fún apá kan ní oògùn náà, wọn kì í sì í fún apá kejì. Èyí tí ó burú jù lójú àwọn tí ń béèrè ni pé kì í ṣe ọgbọ́n dókítà ni a fi ń pín wọn, kì í ṣe àánú, kì í sì í ṣe bí àìsàn olúkúlùkù ti le tó. Kèké ni a ń ṣẹ́. Ǹjẹ́ ènìyàn tí ó ní ìyọ́nú lè ṣe irú èyí sí ọmọ ọlọ́mọ?

Kì í ṣe kèké fúnra rẹ̀ ni ó ń bí wọn nínú. Gbogbo wa ni a ti kà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì pé kèké ni ó mú Mattia nígbà tí a ń wá ẹni tí yóò dípò Judasi, a kò sì rí i kà pé ẹnikẹ́ni kùn sí i. Ohun tí ó ń bí wọn nínú ni pé a mú ohun tí a rò pé ó lè gba ẹ̀mí là lọ́wọ́, a kò sì fi fún gbogbo ẹni tí ó wà níwájú wa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ kan tí mo lò níbẹ̀: mo wí pé “a rò.” Orí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé.

Bí àgbẹ̀ kan bá rí irú iṣu titun gbà, tí ó gbìn ín sí apá oko tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá, tí ó sì gbin irú àtijọ́ sí ibi tí òkúta pọ̀, nígbà ìkórè kì yóò mọ̀ bóyá irú iṣu ni ó dára tàbí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti dókítà. Bí a bá fi yíyàn lé e lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ yóò fà sí ọmọ tí ó rò pé ó ṣì lè yè, tàbí sí èyí tí ẹkún ìyá rẹ̀ pọ̀ jù, òun tìkára rẹ̀ kì yóò sì mọ̀ pé òun ń ṣe ojúsàájú. Àánú ni ó máa ń ba òṣùwọ̀n jẹ́ níhìn-ín, kì í ṣe ìkà. Kèké ní tirẹ̀ kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Ìwádìí tí ó sọ ọ̀nà yìí di olókìkí wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1947. Ikọ́ ife ń pa ènìyàn púpọ̀ nígbà náà. Wọ́n ti rí oògùn kan ní Amẹ́ríkà ní 1943 tí a ń pè ní streptomycin, ṣùgbọ́n ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, owó ṣọ̀wọ́n, èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rí rà kò tó nǹkan. Austin Bradford Hill, ẹni tí òun pàápàá ti ní ikọ́ ife rí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni ó ṣètò kèké náà, tí a fi pamọ́ sínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa. Aláìsàn 107 ni wọ́n: 55 gba oògùn pẹ̀lú ìsinmi lórí ibùsùn, 52 sì gba ìsinmi nìkan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 4 ti kú nínú àwọn ti ìṣáájú, 14 sì ti kú nínú àwọn ti ìkẹyìn. Àwọn tí kò rí oògùn gbà nínú ìwádìí náà kì bá tí rí i gbà níbòmíràn, nítorí kò kárí. Kò sì sí ìpín tí ó tọ́ ju kèké lọ nígbà tí ohun rere kò bá kárí. Síbẹ̀ ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbóríyìn fún. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn 52 náà fi wà ní ilé ìwòsàn, wọn kò mọ̀ pé a ń fi wọ́n wé àwọn ẹlòmíràn.

Ẹnìkan yóò wí pé ẹjọ́ yìí rọrùn, nítorí oògùn kò tó. Kí ni a ó wí nígbà tí ohun ìwòsàn náà kò wọ́n, tí ó jẹ́ omi oníyọ̀ lásán? Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, nínú ìwádìí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FEAST, tí dókítà obìnrin kan, Kathryn Maitland, jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Ilé ìwòsàn mẹ́fà ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà ni a ti ṣe é, a sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2011.

Gbogbo olùkọ́ tí ó ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lóru mọ irú ọmọ tí à ń wí. Ara rẹ̀ ń jó bí iná, ó sì lè jẹ́ ibà ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, mímí nira fún un tàbí kí ó má mọ ẹni tí ó gbé e mọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò kárí ara rẹ̀ dáadáa. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ tí ó ti fìdí múlẹ̀ ni pé kí a fa omi púpọ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára kíákíá. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Áfíríkà a kì í sábà ṣe é, nítorí àìsí ohun èlò àti òṣìṣẹ́. Àwọn ènìyàn sì lè fi ẹ̀tọ́ wí pé ó yẹ kí ọmọ tálákà rí ohun tí ọmọ olówó ń rí. Kèké pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀nà mẹ́ta. A fa omi oníyọ̀ sí apá kan lára kíákíá. A fa omi tí ó ní èròjà ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní albumin sí apá kejì bákan náà. Apá kẹta kò gba ìkankan nínú méjèèjì ní kíákíá. Gbogbo wọn ni ó gba oògùn ibà àti àwọn oògùn mìíràn tí ó tọ́ sí wọn, a sì fa ẹ̀jẹ̀ sí ẹni tí ó nílò rẹ̀ lára. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́: ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ kò sí nínú ìwádìí yìí. Omi ni ìwòsàn tirẹ̀ títí di òní.)

Ní oṣù Kínní 2011, ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ iye àwọn tí ó kú ní kí a dáwọ́ dúró kí iye ọmọ tí a ń wá tó pé. Nínú ọmọ 2,097 tí a fa omi sí lára kíákíá, 221 kú láàárín wákàtí 48. Nínú 1,044 tí kèké kọ̀ fún, 76 ni ó kú. Ohun tí a kà sí oore ni ó ń pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀. Ìyá tí kèké mú ọmọ tirẹ̀ sí apá kẹta, bí a bá sọ fún un pé a kì yóò fa omi kíákíá sí ọmọ rẹ̀ lára bí ti ọmọ orí ibùsùn kejì, ì bá sunkún, ì bá pè wá ní ìkà, àwa pẹ̀lú ì bá sì bá a wí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ní, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹkún kò lè fi hàn wá èyí tí ó sàn nínú ibùsùn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ńlá àwọn oníṣègùn kò lè fi hàn wá.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a tètè kọjá lọ pẹ̀lú ayọ̀. Bí a bá fi ikú apá kẹta ṣe òṣùwọ̀n, bí ọmọ 153 ni ì bá kú nínú àwọn 2,097 náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọmọ 68. Ẹnìkan lè wí pé ìwádìí ni ó pa wọ́n. Èmi wí pé ìdánilójú tí kò ní ẹ̀rí ni ó pa wọ́n. Bí kò bá sí kèké, ì bá máa pa àwọn ẹlòmíràn lọ níbikíbi tí a bá ti ń tẹ̀lé e, láìsí ẹni tí ó kà wọ́n, nítorí nígbà tí ọmọ tí àìsàn ti bò mọ́lẹ̀ bá kú, àìsàn ni gbogbo ènìyàn yóò dá lẹ́bi. Mo gbà pé ìdáhùn yìí tọ́. N kò sọ pé ó lè nu omijé ẹnikẹ́ni nù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ọ̀rọ̀ mi bo ìkà mọ́lẹ̀. Ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, láti 1932 títí di 1972, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ń wo ọkùnrin adúláwọ̀ 399 tí ó ní àrùn síífílíìsì, wọn kò sọ irú àrùn tí ó ń ṣe wọ́n fún wọn, nígbà tí penisilíìnì sì ti di ìwòsàn tí gbogbo ayé mọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940, wọn kò fi fún wọn. Kò sí “a rò” níbẹ̀ mọ́. “A mọ̀” ni. Ìwọ fi èyí wé ohun tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè Guinea ní 2015. Kèké pín àwọn tí ó súnmọ́ aláìsàn Ebola sí àwọn tí yóò gba abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀ àti àwọn tí yóò gbà á lẹ́yìn ọjọ́ 21. Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà ń dáàbò boni, a pa kèké tì ní oṣù Keje ọdún náà, a sì ń fún gbogbo wọn lójú ẹsẹ̀. Wákàtí tí ìmọ̀ bá dé ni ẹ̀tọ́ kèké parí.

Ọ̀ràn ìyọ̀ǹda kù. Nínú FEAST, ọmọ ń kú lọ, kò sí àyè láti ka ìwé gígùn fún ìyá. Ẹnu ni a kọ́kọ́ fi bi í, a sì mú ìwé wá lẹ́yìn tí ara ọmọ bá balẹ̀ díẹ̀. Mo fara mọ́ èyí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kú kí ìwé tó dé, a kò mú un wá mọ́. Ẹni tí ó bá gbèjà rẹ̀ yóò wí pé ẹrù lórí ẹrù ni láti gbé ìwé síwájú ẹni tí òkú ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì lè pè é ní òpùrọ́. Síbẹ̀, nínú gbogbo ẹni tí ó wà nínú ìwádìí náà, ta ni ó yẹ kí a padà tọ̀ lọ láti sọ ohun tí a rí kọ́, bí kì í bá ṣe irú ìyá bẹ́ẹ̀? Gbèsè ni, kò sì yẹ kí a fi àánú dá a dúró.

Gbèsè mìíràn tún wà, èyí tí ó bí mi nínú ju kèké lọ. A ti mọ èsì náà ní 2011. Nínú ìwé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2013, omi kíákíá ṣì wà níbẹ̀. Ó di 2016 kí Àjọ náà tó tún ìlànà rẹ̀ ṣe, pé kí a má ṣe fa omi kíákíá sí ọmọ tí kò bá ní gbogbo àmì náà, kí a sì máa fi sùúrù fa á fún èyí tí ó bá ní gbogbo rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ó wà láàárín, kò sì sí kèké kankan nínú ọdún márùn-ún náà.