Ọmọ tí a pè tí kò dáhùn



Nínú orí keje Ìhìnrere Máàkù Mímọ́, àwọn ènìyàn mú ọkùnrin adití kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara tọ Olúwa wa wá. Ẹ kíyè sí ohun tí Olúwa kọ́kọ́ ṣe. Kò bá a sọ̀rọ̀ láàrin ariwo. Ó fà á sí apá kan, ó fi ìka kan etí rẹ̀, ó kan ahọ́n rẹ̀, kí ọkùnrin náà lè fi ara mọ ohun tí etí rẹ̀ kò lè gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn yìí, ṣùgbọ́n àwọn òbí kan nínú ìjọ wa ni wọ́n là mí lójú sí i.

Àwọn ọmọ kan wà láàrin wa tí a ń pè ní orúkọ tí wọn kì í wẹ̀yìn. Wọn a máa to ìdérí ìgò sí ìlà láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, wọn a fi ọwọ́ di etí bí ìlù bá dún. Ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn kò yọ rárá. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní ọ́tísíìmù. Ní ọdún 1943 ni dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Leo Kanner, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí wọ́n rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò ṣiyèméjì pé irú wọn ti wà nílẹ̀ Ìgbómìnà kí a tó bí Kanner. Orúkọ tí a sọ wọ́n ni kò dára: emèrè, ọwọ́ ayé. Ìyá kan sọ fún mi pé àwọn aládùúgbò ń pe ọmọ òun ní ère Ẹ̀sìẹ́, nítorí pé ó ń wò wọ́n láìfọhùn. Ó sọkún bí ó ti ń sọ ọ́. Àwọn baba wa a máa sọ pé ènìyàn ni àwọn ère wọ̀nyẹn kí wọ́n tó di òkúta. Ọmọ yìí kò di òkúta. Nígbà púpọ̀, ó ń gbọ́ ju bí ara rẹ̀ ti lè gbà lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ òbí kò fà á, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò fà á, àìnífẹ̀ẹ́ ìyá kò sì fà á. Bí ọpọlọ rẹ̀ ti ń dàgbà láti inú oyún ni ó yàtọ̀.

Nílẹ̀ wa ó ṣòro láti tètè mọ̀ ọ́n. Ibi tí òyìnbó ti ń dààmú pé ọmọ kò wo ojú ẹni, àwa a máa yin ọmọ tí ó bojú wolẹ̀ níwájú àgbà. Bí kò bá kí ènìyàn, a ó ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé, a ó sì fa pàṣán yọ. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá pé oṣù 18 tí kò nàka sí nǹkan láti fi hàn yín, tàbí tí ó pé ọdún 2 tí kò so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ tí ó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tẹ̀ síwájú lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìlọrin, ẹ lọ. Kò sí oògùn tí ń mú ọ́tísíìmù kúrò; ẹni tí ó bá sọ pé òun ní in, ìbáà ṣe nínú ìgò, ìbáà ṣe lórí òkè àdúrà, owó yín ni ó ń wá.

Nínú ilé ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ dín ọ̀rọ̀ kù. Òwe àti ẹ̀dà ọ̀rọ̀ a máa ṣòro fún ọmọ yìí. Bí a bá fi ìbínú wí pé, "Máa lọ, má padà wá mọ́," ó lè lọ ní tòótọ́. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ wí pé, "Mú ife," kí ẹ sì fi ife náà hàn án. Lẹ́yìn náà kí ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín kí ẹ tó tún un sọ. Èyí nira fún wa, nítorí pé a fẹ́ kí ọmọdé dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ya àwòrán omi, oúnjẹ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ara páálí, kí ó máa fi ọwọ́ kan èyí tí ó ń fẹ́. Àwòrán kò dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ń kọ́ ọ ní ẹ̀wù wíwọ̀, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ fún un, kí ẹ sì fi èyí tí ó gbẹ̀yìn sílẹ̀, pé kí ó fúnra rẹ̀ fa ẹ̀wù náà wálẹ̀ sí ikùn. Nígbà tí ó bá mọ èyí tán, ẹ fi méjì sílẹ̀ fún un. Báyìí ni yóò máa parí iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lo oṣù mẹ́rin lórí ẹ̀wù kan, ọmọ náà sì ń wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ lónìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dé kànga. Àwọn ọmọ wọ̀nyí a máa rìn jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni, omi a sì máa fa púpọ̀ nínú wọn. Ẹ mú un lọ kí àwọn aládùúgbò, kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí a fi pamọ́ sínú yàrá, ta ni yóò mọ ibi tí a ó dá a padà sí?

Bí ó bá ń ké tí ó ń fi ara lu ilẹ̀, ẹ má ṣe lù ú. Ẹ ṣe bí Olúwa wa ti ṣe: ẹ mú un kúrò nínú ariwo. Níhìn-ín ni mo ní ẹ̀ṣẹ̀ láti jẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí mo di àlùfáà, nínú ìjọ kan, ọmọ kan ń ké nígbà ìwàásù. Mo dá ọ̀rọ̀ dúró, mo ní kí ìyá tí kò lè kó ọmọ rẹ̀ ní ìjánu gbé e jáde. Ó gbé e jáde. N kò rí i ní Mísà mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni mo gbọ́ pé ó ti gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n de ọmọ mọ́ igi láti lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde. Mo lọ síbẹ̀, mo sì rí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà. Èmi ni mo lé wọn débẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, Póòpù Francis gba àwọn tí ó ní ọ́tísíìmù àti àwọn òbí wọn lálejò ní Vatican. Ìwé ìtọ́nisọ́nà lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí Ìjọ gbé jáde ní ọdún 2020 sì wí pé ẹnikẹ́ni kò lè fi sákráméntì du irú wọn. Kí òbí kankan má ṣe rò pé àìlèsọ̀rọ̀ yóò dènà Kómúníọ̀nù Mímọ́. Ẹ mú ọmọ náà tọ̀ mí wá.

Láti òní lọ, àga méjì tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ di ti àwọn ìdílé wọ̀nyí. Mo ti bá ẹgbẹ́ akọrin sọ̀rọ̀: a kò ní lu ìlù ní Mísà àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wo inú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ó pa rọ́rọ́, kí ó mú un wá ní ọ̀sán Sátidé. N ó fi agogo lé e lọ́wọ́, kí ó lù ú fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì jókòó níwájú wọn, bí ẹ bá gbọ́ igbe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bojú wẹ̀yìn.